Ta Ló Ń Pe “Ó Wà O” Nínú Ẹ̀jẹ̀?

Kí ọ̀dọ́ méjì nílẹ̀ Yorùbá tó ṣègbéyàwó lóde òní, ilé àyẹ̀wò ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbà lọ. Pásítọ̀ á béèrè ìwé, ààfáà á béèrè ìwé, ìyá ọkọ náà á sì fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i. Lẹ́tà méjì péré ló wà lórí ìwé ọ̀hún: AA, AS, SS, tàbí AC àti SC lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà méjì yìí ti da ọ̀pọ̀ àdéhùn rú, ó sì ti fa omijé lójú àwọn tí ìfẹ́ wọn ti wọra. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tó mọ jẹnotáìpù rẹ̀ bí ẹní mowó ni kò mọ ohun tí A tàbí S ń tọ́ka sí.

Orúkọ ọkọ̀ ni.

Nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ènìyàn, ohun kan wà tí olórí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbé ọ́síjìn, ìyẹn èyí tí ara ń lò nínú afẹ́fẹ́ tí a ń mí símú, láti ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ara. Hẹmoglóbíìnì ni wọ́n ń pè é. Òun ló mú kí ẹ̀jẹ̀ pupa. Oríṣi rẹ̀ kan ni A, oríṣi kan ni S, oríṣi kan ni C, èyí tí gbogbo wa sì lò nígbà tí a wà nínú ìyá wa ń jẹ́ F.

Ohun tó yani lẹ́nu nípa ọkọ̀ yìí kì í ṣe pé ó ń gbé ẹrù. Nínú ẹ̀dọ̀fóró, ó di ọ́síjìn mú ṣinṣin. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, nígbà tó bá dé ẹran itan tàbí ọpọlọ, ó tú u sílẹ̀. Kò sí ẹni tó pàṣẹ fún un lójú ọ̀nà. Àtè tó bá lẹ̀ pinpin kì í já ẹyẹ sílẹ̀, èyí tí kò bá sì lẹ̀ kò ní mú ẹyẹ rárá. Báwo wá ni ohun kan ṣoṣo ṣe jẹ́ àtè níbì kan, tí kì í ṣe àtè níbòmíràn?

Ká tó dé ibẹ̀, kí ló dé tí ọ́síjìn fi nílò ọkọ̀? Ìdí ni pé omi kì í gba ọ́síjìn púpọ̀. Bí a bá yọ gbogbo pupa inú ẹ̀jẹ̀ kúrò, lítà kan omi tó ṣẹ́kù kò lè gbà ju nǹkan bíi mìlílítà 3 ọ́síjìn lọ. Ọkàn ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ ń ti nǹkan bíi lítà 5 ẹ̀jẹ̀ jáde ní ìṣẹ́jú kan, èyí tí ì bá gbé mìlílítà 15 péré. Bẹ́ẹ̀, ara ẹni náà, bí kò tilẹ̀ dìde lórí àga, ń jẹ nǹkan bíi mìlílítà 250 láàárín ìṣẹ́jú kan yẹn. Hẹmoglóbíìnì ló dí àlàfo náà: òun ló mú kí lítà ẹ̀jẹ̀ kan lè gbé nǹkan bíi mìlílítà 200. Ẹja kan wà nínú òkun Antarctica tí kò ní hẹmoglóbíìnì rárá, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ gaara bí omi òjò. Inú omi tó tutù bíi yìnyín ló ń gbé, omi tútù sì máa ń gba ọ́síjìn ju omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lọ. Ẹ̀dá tí ara rẹ̀ gbóná bíi tiwa kò lè dán irú rẹ̀ wò.

Inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ni hẹmoglóbíìnì ń gbé. Sẹ́ẹ̀lì náà rí bí àkàrà tí wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ láàárín lójú méjèèjì, nǹkan bíi mílíọ̀nù 270 ẹyọ hẹmoglóbíìnì ló sì há sínú ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹyọ hẹmoglóbíìnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ okùn purotéènì mẹ́rin tó ká jọ bí òwú: méjì ń jẹ́ álífà, méjì ń jẹ́ bẹ́tà. Nínú okùn kọ̀ọ̀kan, àwo pẹlẹbẹ kékeré kan wà tó ń jẹ́ híìmù, ẹyọ irin kan ṣoṣo sì wà láàárín àwo náà. Irin gidi ni, irin kan náà tí alágbẹ̀dẹ ń rọ. Gbogbo irin tó wà lára àgbàlagbà kan kò ju gíráàmù 3 sí 4 lọ, ìwọ̀n ìṣó kékeré kan. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ló wà nínú hẹmoglóbíìnì.

Irin àti ọ́síjìn kì í ṣe ọ̀rẹ́ tó ń pàdé lásán. Bí a bá fi àdá sílẹ̀ nínú ìrì, á dógùn-ún. Ìpáàrà tó bo àdá yẹn, ọ́síjìn tó ti jẹ irin ni, kò sì sí ọjọ́ tí ọ́síjìn náà á fúnra rẹ̀ dìde kí àdá tún máa dán. Bí irin inú ẹ̀jẹ̀ bá ń dógùn-ún bẹ́ẹ̀, a ò ní pẹ́ láyé. Ohun tó gbà wá ni pé okùn purotéènì ká mọ́ àwo híìmù yípo, ó fi í pamọ́ sínú ihò kan tí omi kò ráyè wọ̀ dáadáa, débi pé ọ́síjìn lè fara ti irin, ṣùgbọ́n kò lè jẹ ẹ́. Ó jókòó, ó sì lè dìde. Díẹ̀ nínú irin náà ṣì máa ń bàjẹ́ lójoojúmọ́, àmọ́ sẹ́ẹ̀lì ní èròjà tó ń tún un ṣe.

Irin mẹ́rin, ìjókòó mẹ́rin, èrò mẹ́rin. Ó di takisí.

Ẹni tó bá ti wọ Micra n’Ìbàdàn rí á mọ bí ọkọ̀ ṣe ń kún. Ọkọ̀ tó ṣófo ní gáréèjì kì í wu èrò, torí wọ́n mọ̀ pé àwọn á jókòó títí. Ẹni àkọ́kọ́ ló ṣòro. Nígbà tí dírẹ́bà bá wá ń ké pé “Ó ku ẹnì kan!”, eré ni wọ́n ń sá wọ̀ ọ́. Bí ọ́síjìn ṣe ń wọ hẹmoglóbíìnì gan-an nìyẹn. Ti àkọ́kọ́ máa ń tiraka kó tó ríbi jókòó. Bó bá ti jókòó tán, ọ̀nà á là fún èkejì, á tún là sí i fún ẹ̀kẹta, nígbà tó bá sì fi máa kan ẹ̀kẹrin, ìjókòó ọ̀hún ti ń fà á mọ́ra. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ náà nìyẹn: bí ọ̀kan bá sọ̀, ìjókòó àwọn tó kù kò ní rọ̀ wọ́n lọ́rùn mọ́, àwọn náà á fẹ́ sọ̀. A lè pe ìwà yìí ní àjọwọ̀-àjọsọ̀.

Àfiwé yìí ní ibi tó mọ. Èrò inú Micra ń ronú, ó ń wo aago. Ọ́síjìn kì í ronú, ìjókòó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì jìnnà síra débi pé ìkan kò lè fọwọ́ kan ìkejì. Báwo ni ìjókòó ẹ̀yìn ṣe mọ̀ pé ẹnì kan ti wọ iwájú?

Ní 1938, nílùú Prague, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Felix Haurowitz fi kírísítálì hẹmoglóbíìnì tí kò ní ọ́síjìn sábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Wọ́n pẹlẹbẹ, wọ́n ní igun mẹ́fà, àwọ̀ wọn sì dà bí èsè àlùkò. Afẹ́fẹ́ yọ́ wọ abẹ́ gíláàsì tó fi bò wọ́n. Lójú Haurowitz níbẹ̀, àwọn kírísítálì náà fọ́, àwọn mìíràn tó pupa, tó sì tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, rọ́pò wọn. Ohun tí èyí fi hàn kò kéré: hẹmoglóbíìnì tó gbé ọ́síjìn kò rí bákan náà pẹ̀lú èyí tó ṣófo. Ọkọ̀ náà ń yí ara padà.

Max Perutz, ọmọ Austria tó ń ṣiṣẹ́ ní Cambridge, ló fi ayé rẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ náà. Ọdún 1937 ló bẹ̀rẹ̀. Ogun dé, ìjọba Bìrìtìkó tì í mọ́lé gẹ́gẹ́ bí àjèjì, wọ́n sì kó o lọ sí Kánádà, àmọ́ nígbà tó padà, ó tún gbé iṣẹ́ rẹ̀ sọ́wọ́. Ó di 1959 kó tó rí bí hẹmoglóbíìnì ṣe rí. Ọdún méjìlélógún lórí ohun kan ṣoṣo! Ní 1962, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ John Kendrew jọ gba ẹ̀bùn Nobel.

Ohun tí iṣẹ́ yẹn fi hàn nìyí. Nígbà tí kò sí ọ́síjìn, irin kì í jókòó gún sí àárín àwo híìmù. Ó yọ síta díẹ̀, bí ìdodo ọmọ ọwọ́. Bí ọ́síjìn bá dé ara rẹ̀, irin náà á wọlé sí àárín àwo. Ìrìn tó rìn kéré ju ìwọ̀n átọ́mù kan lọ, ṣùgbọ́n irin yìí so mọ́ okùn purotéènì, ó sì ń fa okùn náà tẹ̀lé ara rẹ̀. Ẹni tó bá fa etí àwọ̀n kan ní bèbè odò á rí i pé gbogbo àwọ̀n ló mì. Fífà kékeré yẹn dé ibi tí okùn kan ti fara kan èkejì, ó já àwọn ìdè wẹ́wẹ́ tó so wọ́n pọ̀, ìdajì ẹyọ hẹmoglóbíìnì á sì yí díẹ̀ lórí ìdajì kejì bí ìgbà tí a bá ń yí ọmọrí ìgò. Ìdúró méjì ló wà, nígbà náà: ìdúró híhá, tí ìjókòó kò ti rọrùn fún ọ́síjìn, àti ìdúró dídẹ̀, tí ìjókòó ti ṣí sílẹ̀. Ọ́síjìn tó bá kọ́kọ́ wọlé ń ti ọkọ̀ náà láti híhá bọ́ sí dídẹ̀.

Èrè àjọwọ̀-àjọsọ̀ hàn bí a bá wo iye. Lórí òṣùwọ̀n tí àwọn dókítà ń lò, ọ́síjìn inú àpò afẹ́fẹ́ ẹ̀dọ̀fóró tó nǹkan bí 100. Níbẹ̀, ìjókòó 97 tàbí 98 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní èrò. Nínú ẹran ara tó ń sinmi, òṣùwọ̀n náà wálẹ̀ sí 40, ìjókòó 75 ṣì kún. Ìyẹn ni pé nínú èrò mẹ́rin, ẹyọ kan ló sọ̀. Mẹ́ta bá ọkọ̀ padà sí ẹ̀dọ̀fóró. Ó lè dà bí ìfiṣòfò, àmọ́ ẹ jẹ́ kí ẹni tó ni ara náà bẹ̀rẹ̀ sí í sá eré. Òṣùwọ̀n inú ẹran itan rẹ̀ lè wálẹ̀ sí 20, ìjókòó tó kún á sì já sí nǹkan bíi 35. Láti 100 dé 40, èrò bíi 22 ló sọ̀. Láti 40 dé 20 péré, 40 ló sọ̀. Ibi tí ọ́síjìn ti wọ́n jù ni ọkọ̀ ti ń já èrò jù. Lápá òkè, ẹ̀wẹ̀, nǹkan kì í tètè bàjẹ́: ẹni tó bá ti Ìbàdàn lọ sí Jos, tó ga tó nǹkan bíi mítà 1,200, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ rẹ̀ dín kù, síbẹ̀ ìjókòó inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kún bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹran ara kì í kàn dúró kí èrò sọ̀ fúnra wọn. Ó ń pè wọ́n. Christian Bohr àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Copenhagen ló ṣàlàyé èyí ní 1904. Ẹran ara tó ń ṣiṣẹ́ ń jó oúnjẹ bí ẹni ń jó igi ìdáná, èéfín tó ń ti ibẹ̀ jáde ni kábọ́ọ̀nù ọlọ́síjìn méjì, èyí tí a ń mí síta. Bí èyí bá bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ kan díẹ̀. Ohun kíkan yẹn á lẹ̀ mọ́ ibì kan báyìí lára hẹmoglóbíìnì, á tún àwọn ìdè wẹ́wẹ́ tó ti já so, ọkọ̀ á sì padà sí ìdúró híhá. Ooru iṣẹ́ náà tún ń dá kún un. Nínú ọkọ̀ èrò, ẹni tó fẹ́ sọ̀ ló ń pe “Ó wà o!” kí dírẹ́bà lè dúró. Nínú ẹ̀jẹ̀, ibùdókọ̀ ló ń pè é. Ẹran itan tó ń sáré ń pariwo rẹ̀ kíkankíkan, etí tó wà jẹ́ẹ́ kò pe ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá padà dé ẹ̀dọ̀fóró, èéfín jáde, kíkan náà rọlẹ̀, ọkọ̀ sì tún ṣílẹ̀kùn.

Èrò tó bá sọ̀ ní títì ṣì ní láti dé ilé, ọ̀kadà ló sì ń gbé e wọlé. Ọ̀kadà inú ẹran ara ni mayoglóbíìnì: okùn kan, irin kan, ìjókòó kan. Kò sí àjọwọ̀-àjọsọ̀ nínú tirẹ̀, ó ń di ọ́síjìn mú ju hẹmoglóbíìnì lọ, ìdí nìyẹn tó fi lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló fa ìyàtọ̀ tó wà nínú ìkòkò ọbẹ̀: itan adìyẹ tó ń rìn kiri látàárọ̀ ṣúdúdú, igbáàyà rẹ̀ tí kì í fi bẹ́ẹ̀ fò funfun.

Ọmọ inú oyún kò ní afẹ́fẹ́ kankan láti mí. Ara ìyá ni yóò ti gba ọ́síjìn, láti inú ẹ̀jẹ̀ tó ti já lára èrò rẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí ọkọ̀ ọmọ bá rí bákan náà pẹ̀lú ti ìyá, kò sí ìdí tí èrò fi máa fi ọ̀kan sílẹ̀ lọ wọ ìkejì. F ló yanjú rẹ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, èròjà kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní BPG, tó máa ń wọ àárín hẹmoglóbíìnì tó ṣófo bí èèkàn, kí ìdúró híhá má tètè tú. BPG kì í bá F mu dáadáa. Nítorí náà F ń di ọ́síjìn mú ju A lọ, nínú ibi ọmọ ni èrò sì ti ń ti inú ọkọ̀ ìyá bọ́ sínú ọkọ̀ ọmọ.

Kò sí ibi tí ìtúsílẹ̀ yìí ti hàn gẹ́gẹ́ bí ọ̀ràn ikú òun ìyè tó inú yàrá tí wọ́n ti tan jẹnẹrétọ̀ mọ́. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní kábọ́ọ̀nù ọlọ́síjìn kan, tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀. Irú ìjókòó tí ọ́síjìn ń jókòó sí lòun náà ń jókòó sí, ó sì ń dì í mú ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní igba. Gbígba ìjókòó nìkan kọ́ ni aburú rẹ̀. Ó tún ń ti ọkọ̀ náà mọ́ ìdúró dídẹ̀, débi pé ọ́síjìn tó wà lórí ìjókòó yòókù kò lè sọ̀ mọ́. Ẹran ara á pe “Ó wà o” títí, ọkọ̀ kò ní dúró. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tó fa èéfín náà símú ṣì pupa fòò, ọ́síjìn wà níbẹ̀, ọpọlọ sì ń kú fún àìrí i. Kí wọ́n tètè gbé onítọ̀hún síta gbangba, kí ilé ìwòsàn sì fún un ní ọ́síjìn gidi: nínú afẹ́fẹ́ lásán, wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún ni ìdajì májèlé náà fi ń kúrò, ṣùgbọ́n ọ́síjìn gidi lè sọ ọ́ di nǹkan bíi wákàtí kan àti ààbọ̀.

Ẹ̀rọ kékeré tí nọ́ọ̀sì ń há mọ́ aláìsàn níka kò lè dá májèlé yìí mọ̀. Àwọ̀ ló ń wò: ó ń tan ìmọ́lẹ̀ méjì gba inú ìka, ó sì ń ṣírò bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pupa tó, ọ̀nà tí Takuo Aoyagi gbé jáde ní Japan ní 1974. Ó ní àbùkù mìíràn tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní December 2020, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ìgbà tí ẹ̀rọ náà kì í rí ọ́síjìn tó ti lọ sílẹ̀ lára aláwọ̀ dúdú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun. Ó yẹ kí gbogbo nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ láàárín wa mọ èyí.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìwé àyẹ̀wò, sọ́dọ̀ S. Àìsàn tí Yorùbá ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde kì í ṣe àìsàn àìlègbẹ́rù. S ń gbé ọ́síjìn. Ìgbà tó bá já a sílẹ̀ tán ni wàhálà rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Okùn bẹ́tà jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ 146 tí a sín tẹ̀léra. Láàárín 1956 sí 1957, Vernon Ingram rí i ní Cambridge pé ìlẹ̀kẹ̀ kẹfà nìkan ló fi S yàtọ̀ sí A. Ìlẹ̀kẹ̀ ti A fẹ́ràn omi. Èyí tó rọ́pò rẹ̀ nínú S ń sá fún omi bí epo. Nígbà tí ọ́síjìn wà lórí ìjókòó, kò sí ìṣòro. Bí ọ́síjìn bá ti sọ̀, tí ọkọ̀ padà sí ìdúró híhá, ihò kékeré kan á là lára rẹ̀, ó sì ṣe wẹ́kú fún ìlẹ̀kẹ̀ olóróró tó wà lára ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan á há sínú èkejì, èkejì sínú ẹ̀kẹta, títí wọ́n á fi di ọ̀pá gígùn gbọọrọ. Ọ̀pá náà á ti sẹ́ẹ̀lì láti inú, sẹ́ẹ̀lì tó rí bí àkàrà á sì tẹ̀ bíi dòjé, á le, á dí òpó ẹ̀jẹ̀ tíntínní, egungun á bẹ̀rẹ̀ sí í ro olówó rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ń fi òòlù lù ú.

Kí ló dé tí kì í fi í ro ó ní gbogbo ìgbà? Ọ̀pá náà kì í dì lójú ẹsẹ̀. Ó ní ìdádúró díẹ̀, ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì sì ń sáré dé ẹ̀dọ̀fóró, kí ọ́síjìn tún wọlé, kí ó tó pẹ́ jù. Eré ìje ni. Ohunkóhun tó bá dá sẹ́ẹ̀lì dúró lójú ọ̀nà, tàbí tó mú kí ọ̀pá tètè dì, ń fún ìrora láyè: òtútù tó ń mú òpó ẹ̀jẹ̀ sún kì, ibà, àìmumi tó ń mú kí hẹmoglóbíìnì inú sẹ́ẹ̀lì ki. Nígbà tí ìyá bá ń lé ọmọ rẹ̀ kiri pẹ̀lú ife omi, tó sì ń fi súwẹ́tà wọ̀ ọ́ lásìkò ọyẹ́, eré ìje yẹn ló ń bá a sá.

Ẹni tó jẹ́ AS ní A àti S nínú sẹ́ẹ̀lì kan náà. A ń dàrú mọ́ S láàárín, ọ̀pá kì í sì í rọrùn láti dì. Àǹfààní kan tún wà níbẹ̀. Ní 1970, Lucio Luzzatto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì AS tí kòkòrò ibà ti wọ̀ máa ń tètè tẹ̀ bíi dòjé ju èyí tí kòkòrò kò sí nínú rẹ̀ lọ, ara á sì kó o dànù pẹ̀lú kòkòrò inú rẹ̀. Ìdí rèé tí S fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ níbi tí ẹ̀fọn pọ̀ sí.

Níwọ̀n bí ìtúsílẹ̀ ti jẹ́ orísun wàhálà S, àwọn kan rò pé kí wọ́n kàn ṣe é kó má tú u sílẹ̀ dáadáa. Oògùn kan tó ń jẹ́ voxelotor ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an: ó ń lẹ̀ mọ́ hẹmoglóbíìnì kó lè di ọ́síjìn mú sí i. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2019. Ní September 2024, wọ́n kó o kúrò lórí àtẹ káàkiri ayé nítorí pé ìrora àti ikú láàárín àwọn tó ń lò ó mú ìfura dání.

Ọ̀nà kejì gba ọ̀dọ̀ F. Ọmọ tí wọ́n bí ní SS kì í sábà ṣàìsàn ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, torí F tó gbé wáyé ṣì pọ̀ lára rẹ̀, F kì í sì í bá S so ọ̀pá pọ̀. Bí F ṣe ń relé, tí S ń gba ipò rẹ̀, ni ìrora ń dé. Oògùn hydroxyurea, tí àwọn dókítà nílẹ̀ wa náà ń lò, ń mú kí F pọ̀ sí i lára àgbà. Ní ìparí 2023, Bìrìtìkó kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìtọ́jú tuntun kan, Amẹ́ríkà sì tẹ̀ lé e: wọ́n á mú sẹ́ẹ̀lì tó ti inú mùdùnmúdùn eegun aláìsàn fúnra rẹ̀ wá, wọ́n á pa bọ́tìnì tó ti lé F lọ láti kékeré, wọ́n á sì dá sẹ́ẹ̀lì náà padà sínú ara rẹ̀. Owó rẹ̀ ṣì ga kọjá ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé lè fojú inú wò. Ṣùgbọ́n àwọn àgbàlagbà ti wà báyìí tí ọ̀pọ̀ ọ́síjìn ara wọn ń wọ ọkọ̀ tí wọ́n lò kẹ́yìn ní ìgbà ìkókó.